33550336: kí ni gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí?

Ẹni tó bá ń kà nípa nọ́ńbà 33550336 kò ní pẹ́ tí orúkọ á fi bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní nọ́ńbà pípé ni. Wọ́n ní nọ́ńbà onígun mẹ́ta ni, wọ́n tún ní onígun mẹ́fà ni. Wọ́n ní àpapọ̀ kúùbù ni. Wọ́n ní tí a bá kọ ọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nọ́ńbà, gbogbo 1 á tò síwájú, gbogbo 0 á tò sẹ́yìn. Ẹni tí ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ á kà á títí, orí rẹ̀ á sì dàrú. Ṣé gbogbo ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ló pàdé lára nọ́ńbà kan ṣoṣo ni?

Rárá o. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo orúkọ yẹn, inú òtítọ́ kan ni wọ́n ti jáde, òtítọ́ náà sì nìyí: 33550336 = 4096 × 8191. Bí ẹnì kan ṣe lè jẹ́ bàbá fún ọmọ kan, kó jẹ́ àbúrò fún ẹlòmíràn, kó sì jẹ́ àna nílé kejì, tí kò sì yí padà kúrò lẹ́ni tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí rí. Tí a bá mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, a ò ní láti há àwọn orúkọ náà sórí. Wọ́n á máa jáde fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ títóbi kúrò ńlẹ̀. Nọ́ńbà yìí fi díẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ààbọ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, tó ń ka nọ́ńbà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò sùn, tí kò sinmi, ó máa tó ọjọ́ 388 àti nǹkan bíi wákàtí méje ààbọ̀ kó tó kà á débẹ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípọ̀ rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ìwà rẹ̀. Nọ́ńbà méjì lè fara kanra kí ìwà wọn má sì jọra rárá. A máa fojú ara wa rí i.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìwà nọ́ńbà ni pé kí a tú u palẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò sí ohun tó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn: 2, 3, 5, 7, 11, 13 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń pè wọ́n ní nọ́ńbà àkọ́kọ́; prime ni wọ́n ń pè wọ́n nílé ìwé, prime náà ni màá sì máa lò níbí. Gbogbo nọ́ńbà odidi yòókù tó ju 1 lọ, prime ni wọ́n fi lọ́po ara wọn kí wọ́n tó di ohun tí wọ́n jẹ́. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀nà kan péré ló wà láti tú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ibi yòówù kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, àwọn prime kan náà ló máa bá nílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Tiwa parí sí 6, nítorí náà 2 lè pín in. A pín in, ó di 16775168. A tún pín in, ó di 8387584. Ẹ máa fi 2 pín in lọ bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí 4193792, lẹ́yìn náà 2096896, 1048448, 524224, 262112, 131056, 65528, 32764, 16382, títí a ó fi kan 8191, níbi tí 2 kò ti ràn án mọ́. Ìgbà 12 la fi 2 pín in. Tí a bá fi 2 méjìlá lọ́po ara wọn, èyí tí wọ́n ń kọ báyìí, 2¹², ó jẹ́ 4096. Apá àkọ́kọ́ nínú 4096 × 8191 nìyẹn.

Ó wá ku 8191. Ṣé prime ni? Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Bí nọ́ńbà méjì bá lọ́po ara wọn tí wọ́n fi di 8191, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 90 lọ, torí pé 91 × 91 ti di 8281, ó ti kọjá ibi tí à ń lọ. Prime 24 ló wà tí kò ju 90 lọ. A lè fi wọ́n dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní pa wá. Ṣùgbọ́n Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, fi ọ̀nà àbùjá kan hàn wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé 2¹³ jẹ́ 8192, nítorí náà 8191 jẹ́ 2¹³ − 1. Prime sì ni 13 fúnra rẹ̀. Fermat rí i pé prime yòówù tó bá máa pín irú nọ́ńbà yìí, tí a bá yọ 1 kúrò lára prime náà, 13 gbọ́dọ̀ lè pín èyí tó kù láìṣẹ́kù. Níwọ̀n bí 2 kò ti lè pín 8191, prime tí à ń wá kò lè jẹ́ 2, nítorí náà tí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 2 pẹ̀lú á lè pín ìyókù. Ó túmọ̀ sí pé 26 gbọ́dọ̀ lè pín in.

Àwọn wo ló wá kù lábẹ́ 91? 27, 53 àti 79 péré. 27 kì í ṣe prime, ẹ yọ ọ́ dànù. 53 × 154 jẹ́ 8162, ó ṣẹ́ku 29. 79 × 103 jẹ́ 8137, ó ṣẹ́ku 54. Kò sí èyí tó pín in. Prime ni 8191. Pípín méjì péré la ṣe dípò 24, láìlo kọ̀ǹpútà, láìlo ẹ̀rọ ìṣirò. Inú mi máa ń dùn sí irú nǹkan báyìí gan-an.

Ní báyìí tí a ti mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ jẹ́ ká to gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 33550336 láìṣẹ́kù. Màá máa pè wọ́n ní apín rẹ̀. Apín yòówù kó jẹ́, 2 mélòó kan ló máa wà nínú rẹ̀, láti orí òdo dé méjìlá, 8191 sì lè wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Nítorí náà apín 26 ló ní. Mẹ́tàlá nínú wọn ni 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256, 512, 1024, 2048 àti 4096. Mẹ́tàlá yòókù ni àwọn wọ̀nyí náà tí a fi 8191 lọ́po: 8191, 16382, 32764 àti bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 33550336 fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn nọ́ńbà tí a rí nígbà tí à ń pín in sí méjì-méjì lókè ni wọ́n padà wá yìí.

Ẹ wá ro wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi 33550336 fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́tàlá àkọ́kọ́, láti 1 dé 4096, àpapọ̀ wọn jẹ́ 8191. Apín tó kàn jẹ́ 8191, a rò ó mọ́ ọn, ó di 16382. Apín tó tún kàn jẹ́ 16382, a rò ó mọ́ ọn, ó di 32764. Apín tó kàn jẹ́ 32764, ó di 65528. Ẹ rí i bó ṣe ń lọ: ní gbogbo ìgbà, àpapọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa bá apín tó ń bọ̀ dọ́gba, ó sì ń di ìlọ́po méjì. Nígbà tí a bá dé apín tó gbẹ̀yìn, 16775168, ohun tó wà lọ́wọ́ wa náà jẹ́ 16775168. A ro méjèèjì pọ̀, ó di 33550336 géérégé. Kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín.

Ohun tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà pípé nìyẹn: nọ́ńbà tí àpapọ̀ àwọn apín rẹ̀, láìka òun fúnra rẹ̀, bá òun fúnra rẹ̀ dọ́gba. Èyí tó kéré jù ni 6, torí pé 1 + 2 + 3 = 6. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 28: 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Lẹ́yìn náà ni 496, lẹ́yìn náà 8128. 33550336 ni ìkarùn-ún. Kò sí nọ́ńbà pípé kankan láàárín 8128 àti òun.

Tí àpapọ̀ àwọn apín bá kéré sí nọ́ńbà náà, wọ́n á ní kò tó. Tó bá pọ̀ jù ú lọ, wọ́n á ní ó pọ̀jù. Nicomachus, ará Gerasa, ìlú tó wà ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì lónìí, ti ń pín nọ́ńbà sí ọ̀nà mẹ́ta yìí ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé nọ́ńbà kan sàn ju èkejì lọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nicomachus alára fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwà rere. Ìdíwọ̀n lásán ni.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ wo àwọn tó múlé ti nọ́ńbà wa. 33550335 tó ṣáájú rẹ̀, tí a bá tú u, ó jẹ́ 3 × 3 × 3 × 5 × 7 × 13 × 2731. Apín 64 ló ní, tí a bá sì ro wọ́n pọ̀ láìka òun fúnra rẹ̀, ó jẹ́ 39885825. Ó pọ̀jù, ó fi ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ pọ̀jù. 33550337 tó tẹ̀lé e ńkọ́? 2 kò lè pín in, 3 náà kò lè pín in. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí 2 àti 3 kò lè pín, èyí tó kéré jù lọ tó pọ̀jù ni 5391411025, tiwa kò sì súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Nítorí náà 33550337 kò tó. Nọ́ńbà mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra: ọ̀kan pọ̀jù, ọ̀kan pé, ọ̀kan kò tó. Ta ló lè fi títóbi wọn mọ èyí?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń rí irú nọ́ńbà yìí ti pẹ́. Euclid, ọmọ Gíríìkì, ló fi í hàn ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí a máa ro ìlọ́po méjì rẹ̀ mọ́ ọn: 1 + 2, 1 + 2 + 4, 1 + 2 + 4 + 8. Ìgbàkígbà tí àpapọ̀ náà bá jẹ́ prime, kí a fi nọ́ńbà tí a rò mọ́ ọn gbẹ̀yìn lọ́po àpapọ̀ náà, nọ́ńbà pípé la máa rí. Ẹ dán an wò: 1 + 2 + 4 = 7, prime ni, 7 × 4 = 28. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí a fojú rí lẹ́ẹ̀kan, bí àpapọ̀ ṣe ń di ìlọ́po méjì títí tó fi kan ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpapọ̀ náà kì í sábà jẹ́ prime. Lẹ́yìn 127, tó bí 8128, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: 255, 511, 1023, 2047, 4095. Kò sí prime kankan nínú wọn. 2047 ló tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ó jẹ́ 2¹¹ − 1, prime sì ni 11, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbà pé bí nọ́ńbà orí bá ti jẹ́ prime, èsì náà á jẹ́ prime. Ní ọdún 1536, Hudalrichus Regius fi hàn pé 2047 jẹ́ 23 × 89. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìkarùn-ún fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, láti nọ́ńbà oníka mẹ́rin sí nọ́ńbà oníka mẹ́jọ.

Fífò yìí ló sì ba ìrètí àtijọ́ jẹ́. Nicomachus mọ mẹ́rin péré: 6, 28, 496, 8128. Ọ̀kan oníka kan, ọ̀kan oníka méjì, ọ̀kan oníka mẹ́ta, ọ̀kan oníka mẹ́rin. Wọ́n sì ń parí sí 6, 8, 6, 8. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rí lọ. Ìwé àfọwọ́kọ kan láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ni 33550336 ti kọ́kọ́ fara hàn ní Yúróòpù, ó sì ní ìka mẹ́jọ, kì í ṣe márùn-ún. Ìkẹfà, 8589869056, tí Pietro Cataldi ará Ítálì rí, tún parí sí 6, bẹ́ẹ̀ 6 ni ìkarùn-ún parí sí. Àpẹẹrẹ mẹ́rin kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn orúkọ yòókù. Nọ́ńbà onígun mẹ́ta ni iye òkúta tí a lè tò ní ìlà-ìlà, ọ̀kan lókè, méjì lábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta lábẹ́ ìyẹn, tí àwòrán onígun mẹ́ta á fi jáde: 1, 3, 6, 10, 15. Tí ìlà bá jẹ́ 8191, òkúta mélòó ni? Ẹ so ìlà àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó gbẹ̀yìn: 1 + 8191 = 8192. Ìkejì mọ́ èyí tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn: 2 + 8190 = 8192. Ó ń jẹ́ 8192 lọ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 8191 × 8192 tí a pín sí méjì, ìyẹn 8191 × 4096. A ti délé. Ní ti onígun mẹ́fà, nọ́ńbà onígun mẹ́ta tó wà ní ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje ni àwọn nọ́ńbà onígun mẹ́fà: 1, 6, 15, 28. Tiwa wà ní ipò 8191, 2 kò sì lè pín 8191, nítorí náà orúkọ méjèèjì tọ́ sí i.

Kúùbù ni pé kí nọ́ńbà mẹ́ta tó jẹ́ ọ̀kan náà lọ́po ara wọn, bí 3 × 3 × 3 = 27. Ẹ mú àwọn nọ́ńbà tí 2 kò lè pín, láti 1 dé 127. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ẹ ro kúùbù wọn pọ̀: 1 + 27 + 125 + 343, títí dé 127 × 127 × 127. 33550336 ló máa jáde. Òfin kan wà tí kò fi yani lẹ́nu: tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 64, àpapọ̀ kúùbù wọn jẹ́ 64 × 64 lọ́nà ìlọ́po méjì 64 × 64 tí a yọ 1 kúrò. 64 × 64 jẹ́ 4096. Ìlọ́po méjì rẹ̀ tí a yọ 1 kúrò jẹ́ 8191. Ilé kan náà la tún dé.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó ń fi 1 àti 0 nìkan kọ nọ́ńbà. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń fi mẹ́wàá kà, tí a bá yọ 1 kúrò lára 10000, gbogbo rẹ̀ á di 9. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, tí a bá yọ 1 kúrò lára 2¹³, gbogbo rẹ̀ á di 1, mẹ́tàlá wọn. Bí a sì ṣe ń fi òdo kún ẹ̀yìn nígbà tí a bá fi 10 lọ́po, òun náà ń fi òdo kún ẹ̀yìn nígbà tó bá fi 2 lọ́po. Fi 4096 lọ́po, òdo méjìlá. Bó ṣe di 1111111111111000000000000 nìyẹn.

Orúkọ kan tún wà tí mo fẹ́ràn tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó: wọ́n ní nọ́ńbà yìí wúlò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo nọ́ńbà odidi tó kéré sí i la lè fi àwọn apín rẹ̀ kọ́, láìlo apín kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú 100000. 8191 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá, ó ku 1708. Méjìlá jẹ́ 8 + 4, nítorí náà a mú 65528 àti 32764. 1708 tó kù, a fi 1024, 512, 128, 32, 8 àti 4 kọ́ ọ. Apín mẹ́jọ, 100000 sì pé. Ẹ mú nọ́ńbà tí ẹ bá fẹ́, ọ̀nà kan náà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa nọ́ńbà ló jẹ́ ti nọ́ńbà náà gan-an. Ẹ ro ìka tí a fi kọ 33550336 pọ̀: 3 + 3 + 5 + 5 + 0 + 3 + 3 + 6 = 28. Nọ́ńbà pípé tún ni! Ó wuni láti tọ́ka sí, ṣùgbọ́n èmi ò ka irú rẹ̀ sí pàtàkì, torí pé bí a ṣe ń fi mẹ́wàá ka nǹkan ló mú un wá. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, àpapọ̀ ìka rẹ̀ jẹ́ 13, kò sì sí ohun tó pé lára 13. Ṣùgbọ́n apín 26, ìgun mẹ́ta, pípé: ọ̀nà yòówù tí a bá gbà kọ ọ́, wọn kò ní yí padà.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo nọ́ńbà pípé tí 2 lè pín, ọ̀nà tí Euclid là sílẹ̀ ni wọ́n gbà wá. Nítorí náà ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà pípé irú èyí, prime irú 8191 ló ń wá. Èyí tí wọ́n rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, mú kí iye nọ́ńbà pípé tí a mọ̀ di 52, ìka tí a máa fi kọ ìkejìléláàádọ́ta yẹn sì ju mílíọ̀nù 82 lọ. Gbogbo wọn pátá ló jẹ́ onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́fà, gbogbo wọn ló ní 1 síwájú àti 0 sẹ́yìn nínú kọ̀ǹpútà. Àfi 6 nìkan ni kì í ṣe àpapọ̀ kúùbù bí a ṣe ṣe é lókè.

Nọ́ńbà pípé tí 2 kò lè pín ni ẹnikẹ́ni kò tíì rí. 33550335 fi hàn wá pé nọ́ńbà tí 2 kò lè pín lè pọ̀jù, 33550337 sì fi hàn pé ó lè má tó. Kí ló wá ṣe tí ọ̀kan kò fi bọ́ sí àárín gẹ́gẹ́? Kò tíì sí ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò lè sí. Ohun tí Pascal Ochem àti Michaël Rao fi hàn ní ọdún 2012 ni pé bí ó bá wà rárá, ó gbọ́dọ̀ ju 10¹⁵⁰⁰ lọ, ìyẹn ni pé ìka tí a máa fi kọ ọ́ ju 1500 lọ.